Omi Ewédú, Omi Aró: Ọjọ́ Mẹ́fà Lórí Ọ̀sà àti Òkun Èkó

Ọjọ́ Ajé. Ọ̀sà, láti Ẹ̀búté-Mẹ́ta dé ẹ̀yìn Mákòkó

Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ni mo dé etí omi. Ọyẹ́ ti bo gbogbo ojú ọ̀sà. Third Mainland Bridge kò hàn, iná mọ́tò tó ń sáré lórí rẹ̀ nìkan là ń rí, àfi bíi pé ojú sánmà ni wọ́n ń gbà. Oṣù Ṣẹẹrẹ nìyí, ètè mi ti ń là.

Olùkọ́ báyọ́lọ́jì ni mí ní ilé-ìwé girama, n kì í ṣe onímọ̀ òkun. Àǹtí Dókítà, tí a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì kan náà, ló ní kí n wá bá wọn gbé ìgò, torí ọmọ tó máa ń bá wọn ṣe é ti lọ ṣe àgùnbánirọ̀. Àwa mẹ́rin la wà nínú ọkọ̀: Àǹtí, Bàbá Láàbù tí wọ́n ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí kí wọ́n tó bí mi, èmi, àti ẹ̀gbọ́n kan, ọmọ Ìlàjẹ, tó ń wa ọkọ̀. Ẹ̀gbọ́n ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Àwọn náà ń pè mí ní Tíṣà.

Plankton la wá wá. Àwọn ẹ̀dá wínníwínní ni wọ́n, àwọn mìíràn bí ewéko, àwọn mìíràn ẹranko, tí omi ń gbé kiri nítorí pé wọn ò lágbára àtilúwẹ̀ẹ́ kọjú sí ìṣàn. Victor Hensen, ọmọ Jámánì, ló sọ wọ́n lórúkọ yẹn ní 1887, láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí alárìnká. Ó ti tó ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ọ̀rọ̀ yìí, n kò sì tíì rí ju èyí tí wọ́n yà sínú ìwé lọ.

Àwọ̀n tí a fi ń kó wọn dà bí ṣòkòtò ẹlẹ́sẹ̀ kan: ẹnu rẹ̀ fẹ̀, ìdí rẹ̀ rí ṣóńṣó, ìgò kékeré kan sì wà ní ìdí náà. Tí o bá pín mìlímítà kan sí ọ̀nà 1,000, tí o mú 55 níbẹ̀, bí ojú ihò àwọ̀n náà ṣe fẹ̀ mọ nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n rọra ń wa ọkọ̀, a ń wọ́ àwọ̀n lẹ́yìn. Ní ìgbà àkọ́kọ́, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà méjì ló dí i lẹ́nu, pẹ̀lú koríko orí omi tó ti apá Pọ́tò-Nóvò wọ̀lú wa ní 1984 tí kò padà sílé mọ́. A gbọn wọ́n dànù, a tún un jù.

Èyí tó wá bọ́ sínú ìgò lẹ́ẹ̀kejì, ẹ ò ní gbà pé omi ni. Ó ki, ó ń yọ̀, ó dúdú mọ́ ewéko, bí ewédú tí wọ́n ti fi ìjábẹ̀ jà dáadáa. Àǹtí so abọ́ funfun kan mọ́ okùn, wọ́n sọ ọ́ sódò kí a lè mọ ibi tójú ríran dé. Abọ́ náà kò tíì jìn tó gígùn apá mi tó fi di àwátì. (Àlùfáà Àgùdà kan, Angelo Secchi, ló bẹ̀rẹ̀ irú àyẹ̀wò yìí ní 1865, nínú ọkọ̀ ojú omi Póòpù. Inú mi dùn sí i. Abọ́ àti okùn, iṣẹ́ tán.)

Mo ní, "Àǹtí, bí ọ̀sà bá ki báyìí, òkun ńkọ́? Ṣé a ò ní máa fi ṣíbí bù ú?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Tíṣà, Ọjọ́bọ̀ ò jìnnà."

Iṣẹ́ tèmi ni lébẹ́ẹ̀lì. Mo fi bírò jẹ́ẹ̀lì kọ ibi tí a ti bu omi àti aago sára bébà, mo jù ú sínú ìgò bí wọ́n ṣe ní kí n ṣe, ọwọ́ ìkọ̀wé mi sì ń tẹ́ mi lọ́rùn. Nígbà tó fi di ọ̀sán, gbogbo ẹ̀ ti ṣí. Ìgò mẹ́ta, bébà funfun mẹ́ta. Bàbá Láàbù kò tiẹ̀ bínú. Wọ́n fa kùkùté pẹ́ńsùlù kan yọ lẹ́yìn etí, kò ju ìka ọmọdé lọ, wọ́n ní, "Omi kì í fọ èyí." A padà lọ bu ìgò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́tun. Ẹ̀gbọ́n ò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n mo rí bí wọ́n ṣe ń wo epo inú jálá wọn.

Ìṣẹ́gun. Ẹnu ọ̀nà òkun

Omi la dúró dè lónìí. Ẹ̀gbọ́n ò wo fóònù. Òpó èbúté ni wọ́n ń wò, níbi tí ìkarahun lẹ̀ mọ́ ọn. Nígbà tó ku bí àtẹ́lẹwọ́ kan kí omi bò wọ́n, wọ́n ní, "Ó ti ń bọ̀ wálé." A gba Commodore Channel jáde, ibi kan ṣoṣo tí òkun ti ń wọ ọ̀sà Èkó tààrà, àwọn ọkọ̀ ńláńlá ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa bí ilé alájà mẹ́wàá tó ń rìn.

Nítòsí àwọn òkúta tí wọ́n tò dí ìgbì, ìlà fọ́ọ̀mù kan gba àárín omi kọjá. Lápá kan, omi àwọ̀ ẹrẹ̀. Lápá kejì, omi àwọ̀ ewé. Ẹ̀gbọ́n gbé imú ọkọ̀ lé orí ìlà náà gan-an, apá ọ̀tún ọkọ̀ wà nínú ọ̀sà, apá òsì wà nínú òkun. Wọ́n tọ́ méjèèjì wò kí ẹ̀rọ tó ń ka iyọ̀ tó sọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ náà kò já wọn nírọ́.

Níbẹ̀ ni Àǹtí ti ṣàlàyé ohun tó ń yà mí lẹ́nu láti àná. Láàárín agbami, iyọ̀ tó wà nínú kílógíráàmù omi kan a máa tó nǹkan bíi gíráàmù 35, bí ọdún ti ń gorí ọdún. Ti ọ̀sà kì í dúró lójú kan. Nígbà ẹ̀rùn bíi ìsinsìnyí, odò Ògùn àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fà, òkun á wọlé, á bá wọn jókòó. Tí òjò bá dé, omi odò á rọ́ dé, á lé iyọ̀ padà síta. Ẹ̀dá wo ló lè gbé ilé tí wọ́n ti ń yí ọbẹ̀ padà báyẹn lọ́dọọdún? Ìwọ̀nba àwọn tí ara wọn gba méjèèjì ni. Ṣùgbọ́n oúnjẹ kì í wọ́n wọn: ìdọ̀tí ìgboro, ajílẹ̀ tí òjò fọ̀ kúrò lóko, omi ṣalángá. Wọ́n á jẹ, wọ́n á pín sí méjì, àwọn méjì á pín sí mẹ́rin, kí o tó wí báyìí wọ́n ti gba odò.

Ní ìrọ̀lẹ́, Bàbá Láàbù gbé máíkírósíkóòpù kékeré kan ka orí àpótí, mo yọjú wo ẹ̀kán omi kan láti inú ìgò Ọjọ́ Ajé. Diatom kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Ewéko oníhóró kan ni diatom, gíláàsì ni ilé rẹ̀: apá kan dé orí apá kejì bí ìdérí ṣe ń dé igbá. Oríṣi kan rí roboto, ihò tó wà lára rẹ̀ tò tẹ̀léra, bí ajọ̀ gààrí gẹ́lẹ́. Coscinodiscus ni wọ́n ń pè é. Oríṣi kejì gùn bí ẹ̀wọ̀n. Ìkejì yìí ló pọ̀ jù. Ibi yòówù kí n sún bébà gíláàsì náà sí, òun ni, òun ni, òun ni. Ó dà bí òde ìnáwó tí gbogbo èrò ti wọ aṣọ ẹbí kan ṣoṣo: èèyàn pọ̀ lọ jàra, ṣùgbọ́n aṣọ kan náà lojú ń rí.

Ọjọ́rú

A ò lọ síbì kankan. Ìwé àṣẹ kan ló kù, ẹni tó máa buwọ́ lù ú kò sì sí lórí ìjókòó. Mo lọ ra pẹ́ńsùlù méjì ní Yábàá, mo gbẹ́ wọn, mo gbé wọn dé ẹ̀yìn etí.

Ọjọ́bọ̀. Agbami

Ọkọ̀ apẹja ńlá kan tí wọ́n háyà ló gbé wa, aago mẹ́rin ìdájí la ti ṣí. Àtìgbà tí a ti kọjá òkúta ni inú mi ti ń ru. Mo bì lẹ́ẹ̀mẹta. Kúùkù ọkọ̀ fún mi ní gààrí gbígbẹ pé kí n máa jẹ ẹ́ ní ẹ̀kúnwọ́, ìyẹn ló sì mú un dúró. Ẹ̀gbọ́n náà bá wa lọ, kì í ṣe pé wọ́n pè wọ́n; wọ́n ní àwọn fẹ́ wo ohun tí Tíṣà máa fi ṣíbí bù.

Nígbà tí oòrùn mọ́, mo rí nǹkan tó tẹ́ gbọọrọ lójú omi, ó pupa rẹ́súrẹ́sú, bí ìgbà tí èèyàn da ìyẹ̀ pákó sórí òkun. Mo sọ fún Àǹtí pé ìdọ̀tí àwọn tó ń la pákó ní Òkobàbá ti rìn jìnnà o. Wọ́n ní kí n fi ife bù ú. Mo gbé ife sókè sí oòrùn: ìyẹ̀ náà kì í ṣe ìyẹ̀, okùn tín-tìn-tín ni, ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn dì pọ̀ ní gígùn bí ìdì ìgbálẹ̀, gígùn ìdì kọ̀ọ̀kan kò ju èékánná lọ. Plankton kan tó ń jẹ́ Trichodesmium ni. Àwọn atukọ̀ ayé àtijọ́ náà ṣe irú àṣìṣe tí mo ṣe. Ìyẹ̀ pákó òkun ni wọ́n ń pè é. Òkun ilẹ̀ gbígbóná ni ibùgbé rẹ̀. Ohun tó ń ṣe ló jẹ́ kí n bọ̀wọ̀ fún un: ó ń fa náítírójìn inú afẹ́fẹ́, ó ń sọ ọ́ di ajílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí kókó ara gbòǹgbò ẹ̀wà ti ń ṣe lóko. Ṣùgbọ́n kò lè ṣe é láìsí irin. Irin dà lójú agbami? Àǹtí fi ìka nu ọ̀pá tí mo gbá mú, wọ́n fi ìka náà hàn mí. Eruku ọyẹ́. Láti Sàhárà ni atẹ́gùn ti ń gbé e bọ̀, tó ń rọ̀ sórí òkun ní gbogbo àsìkò yìí, irin sì wà nínú rẹ̀. Eruku tí mo ti ń fi gbogbo ọ̀sẹ̀ bú yìí ni ẹnìkan ń jẹ.

Nígbà tí a ti lé ní ọgbọ̀n kílómítà sí etíkun, ilẹ̀ abẹ́ omi ti já wálẹ̀, omi sì ti pa àwọ̀ dà. Aró ni. Aró tó ti gba aṣọ dáadáa, tí oòrùn wá ń wọ inú rẹ̀ lọ. A sọ abọ́ funfun náà sódò, mo ń fi ìbú apá ka okùn: ọ̀kan, méjì, márùn-ún, mẹ́wàá, abọ́ náà ṣì ń wò mí láti ìsàlẹ̀. Wọ́n ju àwọ̀n, wọ́n fà á fún ogún ìṣẹ́jú, ìlọ́po mẹ́rin èyí tí a fà ní ọ̀sà. Nígbà tí wọ́n gbé ìgò ìdí rẹ̀ wá, gbogbo wa yí i ká.

Omi lásán ni mo rí. Ó mọ́ bí omi mímu. Nǹkan díẹ̀ ń fò sókè sódò nínú rẹ̀ bí èérún iyọ̀, ó tán.

Ẹ̀gbọ́n wò ó títí, wọ́n fún mi ní ṣíbí.

Ojú tì mí fún Hensen náà o, torí irú nǹkan yìí ló bá a. Ní 1889, ó kó àwọn onímọ̀ sínú ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ National, láti Kiel, wọ́n rìn yí Àtìláńtíìkì ká títí dé ẹnu odò Amazon, wọ́n ń ju àwọ̀n. Èrò gbogbo ayé nígbà yẹn ni pé bí igbó ilẹ̀ gbígbóná ṣe dí tó, bẹ́ẹ̀ ni òkun rẹ̀ ṣe máa kún tó. Àwọ̀n Hensen ní rárá: omi tútù òkè lọ́hùn-ún ló kún, omi gbígbóná gbòfo. Ernst Haeckel, ọmọ ìlú rẹ̀, bá a fà á nínú ìwé ní 1890, ó ní kíkà wínníwínní bẹ́ẹ̀ ò já mọ́ nǹkan kan. Èmi wà lẹ́yìn Hensen. Mo rí ìgò yẹn.

Ìdí ẹ̀ kò sì le. Oòrùn ti mú omi òkè gbóná, omi gbígbóná sì fúyẹ́, ó léfòó sórí omi tútù ìsàlẹ̀ bí òróró ṣe ń léfòó sórí ọbẹ̀. Ajílẹ̀ tó rì wà nísàlẹ̀, oòrùn wà lókè, àwọn méjèèjì ò sì pàdé. Níbi tí nǹkan bá ti po wọ́n pọ̀ ni ọjà ti ń tà. Lójú òkun Gánà àti Ivory Coast, láti oṣù Agẹmọ dé oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀, omi tútù a máa gòkè wá bá oòrùn, omi á di àwọ̀ ewé, àwọn apẹja á máa kọrin. Díẹ̀ nínú ẹ̀ máa ń kan Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ títí dé tiwa, ṣùgbọ́n ẹ̀rẹ̀ ìgbẹ̀yìn ni tiwa.

Àǹtí ní kí n má tíì sọ̀rètí nù. Wọ́n da díẹ̀ lára omi náà sínú abọ́ dúdú kan, wọ́n gbé e sínú oòrùn, wọ́n ní kí n tẹjú mọ́ ọn. Mi ò rí nǹkan kan. Lójijì, nǹkan kan kọ mànà láàárín abọ́, búlúù, búlúù ìlẹ̀kẹ̀ sẹ̀gi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nù. Ó sì pòórá. Ó tún kọ mànà, ní ìka méjì síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Sapphirina ni, ẹbí edé kékeré tó tẹ́ bí ewé, akọ rẹ̀ ló ń tàn báyẹn. Bó bá ti ń yí nínú omi, ìmọ́lẹ̀ á bà á, á kúrò lára rẹ̀. Àárín ìgbà méjèèjì, kò sí ojú tó lè rí i. Mo pe Ẹ̀gbọ́n. Wọ́n wò ó, wọ́n ní, "Ogún ọdún lórí omi." Wọn ò sọ jù bẹ́ẹ̀.

Òru Ọjọ́bọ̀ mọ́jú Ẹtì

A sùn síbẹ̀. Aago mẹ́wàá alẹ́ ni wọ́n tún ju àwọ̀n, níbi kan náà, ìṣẹ́jú kan náà, ìgò tó sì gòkè kún ju ti ọ̀sán lọ dáadáa. Ọ̀pọ̀ lára àwọn ẹranko inú plankton, ìsàlẹ̀ níbi tó ṣókùnkùn ni wọ́n ń fi ọ̀sán sá pamọ́ sí kí ẹja má baà rí wọn. Tí ilẹ̀ bá ṣú, wọ́n á gòkè wá jẹun. Lálaalẹ́, ní gbogbo òkun ayé. Bí èèyàn bá fi ọ̀sán nìkan ka èrò ọjà alẹ́, irọ́ ló máa kà.

Ẹ̀yìn ọkọ̀ ń tàn. Gbogbo ibi tí omi bá ti kọlu irin, á tàn yanranyanran, á kú. Plankton tó ń jẹ́ Noctiluca àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni, tí wọ́n bá fọwọ́ kàn wọ́n wọ́n á tàn. Mo mọ èyí. Mo ti kọ ọ́ sára bọ́ọ̀dù. Mo ṣì na ọwọ́ sílẹ̀ gba ojú irin kọjá bí ọmọdé, mo ń fi okùn gbo omi, títí kúùkù fi ní kí n má jábọ́ sínú òkun lójú wọn.

Nígbà tí a ń duró de ìgò tó máa ń dé ara rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ (irin kékeré kan ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ tẹ̀lé okùn lọ, ó lọ gbá a lẹ́nu pa), Àǹtí sọ fún mi pé àwọn tó ni omi aró yìí gan-an, wọ́n ń gba ojú àwọ̀n wa kọjá láìkí wa. Bakitéríà wínníwínní kan ni, Prochlorococcus ni orúkọ rẹ̀. Ní 1988 ni ẹgbẹ́ Sallie Chisholm àti Robert Olson, ará Amẹ́ríkà, kọ ọ́ jáde fún ayé gbọ́. Tí o bá to nǹkan bí 1,600 nínú wọn léra, wọn ò ju mìlímítà kan lọ. Ẹ̀kún ìdérí ìgò omi aró kan lè ní ọ̀kẹ́ àìmọye nínú rẹ̀: mìlílítà kan ṣoṣo a máa ní tó 100,000. Oúnjẹ ò tó ibẹ̀, kíkéré ni wọ́n fi ń yè é. Ara kékeré ò nílò púpọ̀. Mo wá bi ara mi pé omi wo ni mo pè ní lásán.

Ẹtì. Ìpadàbọ̀

A wọlé lọ́sàn-án. Ẹ̀gbọ́n ra ṣáwá tútù lọ́wọ́ ọkọ̀ kékeré kan tó ń bọ̀ láti ẹ̀bá etíkun, wọ́n fi ọ̀bẹ la ikùn ọ̀kan, wọ́n fi ohun tó wà nínú rẹ̀ pa mí lọ́wọ́. Àwọ̀ ewéko, ó ń yọ̀. Ewédú Ọjọ́ Ajé nìyẹn. "Èyí ni mo ń lé látìgbà tí mo ti wà lọ́mọdé," ni wọ́n wí. "Tí omi bá funfun tàbí tó dúdú bí aró, mo kọjá. Tó bá ti rí báyìí, mo dá ẹ́ńjìnì dúró." Mo tọ́jú díẹ̀ lára rẹ̀ sínú ìgò. Pẹ́ńsùlù ni mo fi kọ lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀.

Àbámẹ́ta. Láàbù

Ìgò méjì ni mo gbé kalẹ̀: ti ọ̀sà àti ti agbami. Bàbá Láàbù yọ ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan, mo ń wò, mo ń pè, wọ́n ń sọ orúkọ, mò ń fa ìlà sínú ìwé.

Ti ọ̀sà, wákàtí kan àtààbọ̀, orúkọ méje péré ló wà lójú ìwé, ìlà ẹ̀gbẹ́ àwọn méjì àkọ́kọ́ sì ti dí bí ọgbà ọ̀pá. Ọwọ́ ro mí.

Ti agbami ló mú mi. Ceratium, tó rí bí ìdákọ̀ró, ìwo mẹ́ta. Ceratium mìíràn tí ìwo tirẹ̀ gùn ju ara rẹ̀ lọ ní ìlọ́po mẹ́rin. Bàbá Láàbù ní omi gbígbóná kì í gbé nǹkan ró bíi ti tútù, ìwo yẹn ni kì í jẹ́ kó tètè rì. Radiolaria, bọ́ọ̀lù gíláàsì tó hu ẹ̀gún. Foraminifera, tó fi ẹfun kọ́ ilé yàrá mẹ́rin, ọ̀kan tóbi ju èkejì lọ. Copepod, ẹbí edé wínníwínní, tí irun orí rẹ̀ gùn ju ara lọ, copepod tí ìrù rẹ̀ dà bí ìyẹ́ adìẹ, ọmọ akàn ọjọ́ mélòó kan tó ní ẹ̀gún níwájú orí bí ẹni dé fìlà ológun, aràn tó mọ́ gaara bí ọ̀rá tí a rí oúnjẹ àná nínú rẹ̀. Orúkọ ń gùn sílẹ̀, mo ṣí ojú ewé kejì, mo ṣí ìkẹta. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pọ̀ wọn, ìlà kan. Ìlà méjì. Ìlà kan. Ó dà bíi dánfó: èrò ò ju mẹ́rìnlá lọ, kò sì sí ẹni méjì tó wọ aṣọ kan náà.

Àǹtí wọlé, wọ́n wo ìwé mi. Wọ́n ní láti 2009 sí 2013, ọkọ̀ aláṣọ-ìgbòkun kan tó ń jẹ́ Tara yí òkun ayé ká, ó ń kó omi bí a ṣe kó o yìí. Nígbà tí wọ́n ka ohun tó kó wá, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2019, ohun tí wọ́n rí ni pé bí o bá ṣe ń sún mọ́ àárín ayé, níbi tí omi ti gbóná, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀yà plankton ṣe ń pọ̀ sí i. Tí o bá kọjú sí ibi yìnyín, wọ́n á máa dínkù. Ìwọ̀n ooru omi ló jọ pé ó ń darí rẹ̀ ju ohunkóhun mìíràn lọ. Hensen ka orí, orí ò pọ̀. Ká ní ó ka aṣọ ni.

Aago márùn-ún kọjá, mo rí ọ̀kan tí Bàbá Láàbù ò lè dárúkọ. Ó rí roboto, etí rẹ̀ gé wínniwínni, nǹkan méjì nà jáde lára rẹ̀ bí okùn bàtà tí wọn ò so. Wọ́n yọ jígí ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún wò. Wọ́n pe Àǹtí. Àǹtí wò ó pẹ́, wọ́n ṣí ìwé kan, wọ́n pa á dé.

"Yà á," ni wọ́n ní. "Kọ àmì ìbéèrè sí i, fa ìlà kan síwájú rẹ̀."

Mo kọ àmì ìbéèrè, mo fa ìlà kan. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í yà á. Mo ti ya etí rẹ̀ dé ìdajì nígbà tí wọ́n mú iná lọ.